Àwọn Tó Ru Omi Gun Òkè Kamẹrúùnù

Òkè Kamẹrúùnù wà létí òkun ní apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù orílẹ̀-èdè Kamẹrúùnù, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Nàìjíríà. Gíga rẹ̀ tó mítà 4,095, kò sí òkè mìíràn ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó ga tó o. Fako ni wọ́n ń pe ṣóńṣó orí rẹ̀. Òkè ayọnáyèéfín ni, iná inú rẹ̀ kò sì tíì kú. Ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ní Debundscha, òjò ọdún kan máa ń ju mìlímítà 10,000 lọ, èyí tó mú kí ibẹ̀ wà lára àwọn ibi tí òjò ti ń rọ̀ jù láyé. Síbẹ̀, ẹni tó bá gòkè kọjá igbó lè rìn tọ̀sán-tòru kó má rí omi bu mu. Eérú àti òkúta oníhò tí iná inú ilẹ̀ pọ̀ jáde ni ilẹ̀ òkè náà. Bí òjò ṣe ń rọ̀ ni ilẹ̀ ń fà á mu. Nítorí náà, láti ayé ọdẹ títí dé ayé àwọn tó ń gùn ún ní òpin ọ̀sẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dé orí òkè gbọ́dọ̀ rí ẹni bá a ru omi. Orúkọ àwọn tí wọ́n ru omi fún ló pọ̀ nínú ìwé. Orúkọ àwọn tó rù ú ṣọ̀wọ́n.

Àwọn Bakweri ni onílẹ̀. Abúlé wọn tò yí ẹsẹ̀ òkè ká, Buea, tó ga tó nǹkan bí mítà 1,000, ló sì lókìkí jù nínú wọn. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, kókò sì jẹ́ oúnjẹ wọn gidi, ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ wọn ló mọ òkè tinú-tẹ̀yìn. Lẹ́yìn oko ni igbó kìjikìji bẹ̀rẹ̀, igi ńláńlá tí ìtàkùn lọ́ mọ́, níbi tí erin ti ń jẹ̀. Nígbà tí ènìyàn bá gòkè ju mítà 2,000 lọ, igbó á tán lójijì, koríko á sì gba ilẹ̀ títí dé ibi òkúta. Iná tí ọdẹ ń ti bọ koríko wà lára ohun tí kò jẹ́ kí igi gòkè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdẹ ló mọ ihò àpáta tí ènìyàn lè sùn sí, ibi tí ìkùukùu ti máa ń ṣini lọ́nà, àti àwọn ojú omi díẹ̀ tí kì í gbẹ. Gbogbo àlejò tó wá lẹ́yìn, ìmọ̀ yìí ni wọ́n gùn lé.

Ẹni tí àwọn Bakweri gbà pé ó ni orí òkè náà ni Efasa Moto, tí ìlàjì ara rẹ̀ jẹ́ ènìyàn, tí ìlàjì kejì sì jẹ́ òkúta. Bí òkè bá bú gbàmù, tí iná ń ṣàn wá sílẹ̀, wọ́n ní inú ló ń bí i, ètùtù ni wọ́n sì ń ṣe. Ní ojú ọdẹ, ìdí tí ènìyàn yóò fi forí lé ṣóńṣó gan-an kò pọ̀: ẹran kò sí níbẹ̀, omi kò sí, oko kò ṣeé dá, onílé tó wà níbẹ̀ kò sì fẹ́ràn àlejò. Gígun òkè kí á ṣáà lè sọ pé a gùn ún, àwọn ará òkun ló kó o dé.

Àwọn ajíhìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi wà lára àwọn ará òkun tó kọ́kọ́ sún mọ́ òkè náà. Joseph Merrick, ọmọ Jàmáíkà, tẹ̀dó sí Bimbia létíkun ní 1844, ó sì gòkè lọ sọ́dọ̀ àwọn Bakweri. Ní 1858, nígbà tí ìjọba Sípéènì kò gba ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáńtì láyè mọ́ ní erékùṣù Fernando Po, Alfred Saker kó àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ kọjá sí etíkun, ó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba Bimbia, ó sì dá ìlú Victoria sílẹ̀ ní ẹsẹ̀ òkè gan-an. Limbe ni ìlú náà ń jẹ́ lónìí. Láti ìgbà náà ni àlejò tó bá fẹ́ gòkè ti ní ibi tí yóò sọ ẹrù kalẹ̀ sí.

Ẹni tó kọ́kọ́ lo ibi náà dáadáa ni Richard Burton, kọ́ńsù Gẹ̀ẹ́sì ní Fernando Po. Àwọn Ẹ̀gbá kò ní í gbàgbé rẹ̀ tán, nítorí pé apá ìparí ọdún 1861 ló lọ sí Abẹ́òkúta, tó sì kí Aláké Òkúkẹ̀nù láàfin. Kò pẹ́ tó kúrò níbẹ̀ tó fi dé ẹsẹ̀ òkè. Ìwé alápá méjì tó tẹ̀ jáde ní 1863 so ìrìn-àjò méjèèjì pọ̀: Abẹ́òkúta gba apá kan, òkè Kamẹrúùnù gba èkejì. Òun, Saker, Calvo tó jẹ́ adájọ́ ọmọ Sípéènì ní Fernando Po, àti Gustav Mann, ọmọ Jámánì tó ń kó ewéko jọ fún ọgbà ọba ní Kew, ni wọ́n jọ gun òkè náà láàrin December 1861 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1862. Burton sọ ṣóńṣó kan ní Victoria, ó sọ èkejì ní Albert. Albert yìí, ọkọ Ọbabìnrin Victoria ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kú ní Windsor lóṣù December yẹn gan-an. Orúkọ méjèèjì kò dúró. Fako ló kù.

Àwọn Kru, tí wọ́n mọ̀ fún iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní gbogbo etíkun, àti àwọn Bakweri ló ru ẹrù ìrìn-àjò yìí. Ẹni tó ti ń wakọ̀ lójú omi látọmọdé kò mọ òtútù orí òkè rí, aṣọ tí wọ́n wọ̀ kò sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ń wọ̀ létíkun. Burton kọ ọ́ sínú ìwé pé ibẹ̀ dára fún ilé ìtọ́jú àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí ibà ń dààmú, ó sì tún dára láti kó ẹlẹ́wọ̀n lọ. Ìmọ̀ràn méjèèjì kò já sí nǹkan kan. Iṣẹ́ Mann ló pẹ́ jù. Ewéko tó kó láti orí koríko òkè dé ọ̀dọ̀ Joseph Hooker, onímọ̀ ewéko, ní Kew, Hooker sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn jọ ti àwọn òkè Etiópíà, tó jìnnà réré sí ibẹ̀ lódìkejì Áfíríkà, ju ti igbó ẹsẹ̀ òkè náà lọ. Ojú omi kan tó ga ju mítà 2,000 lọ ṣì ń jẹ́ orúkọ Mann nínú àwòrán ilẹ̀ títí di òní. Ọdẹ Bakweri ti ń bu omi níbẹ̀ kí wọ́n tó bí Mann.

Ní 1884, Jámánì gba etíkun Kamẹrúùnù. Wọ́n rò pé òkè náà yóò tẹ̀ lé e wẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n Kuva Likenye, olórí Buea, kò gbà. Ní November 1891, nígbà tí ọmọ ogun Jámánì gòkè wá bá a, àwọn Bakweri lé wọn padà, wọ́n sì pa Karl von Gravenreuth tó ṣáájú wọn. Odidi ọdún mẹ́ta ni Jámánì kò fi lè rọ́wọ́ mú Buea. Ìparí 1894 ni wọ́n padà wá pẹ̀lú ogun tó lágbára. Kuva sá kúrò nílùú, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tó kú sí ìsásí. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n gba ilẹ̀ ọlọ́ràá ẹ̀gbẹ́ òkè lọ́wọ́ àwọn Bakweri fún oko kòkó ńláńlá, wọ́n sì ń kó ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àtìpó tó gòkè láti ìgbà náà lọ, ilẹ̀ tí wọ́n fi ogun gbà ló ń rìn kọjá.

Kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn ogun yẹn tí Mary Kingsley, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, dé. September 1895 ni, àkókò òjò gan-an, èyí tí kò sí ọlọgbọ́n tí yóò yàn fún òkè yìí. Ó gba ọ̀nà tí àwọn Jámánì ń là lọ́wọ́ láti Victoria lọ sí Buea nínú ẹrẹ̀, ó sì wọ ilé ọ̀gá ológun Jámánì tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó rin gbindin. Kàkà kó gba ìhà ìwọ̀-oòrùn tí Burton gbà, ìhà gúúsù ìlà-oòrùn ló gbà gòkè. Ọ̀nà tí púpọ̀ àlejò ń gbà lónìí, láti Buea, súnmọ́ tirẹ̀.

Kingsley kọ orúkọ díẹ̀ lára àwọn tó bá a lọ sílẹ̀: Xenia, Kefalla, Sasu. Ó ṣe yẹ̀yẹ́ wọn gan-an nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1897, àmọ́ ẹni tó bá fara balẹ̀ ka yẹ̀yẹ́ náà yóò rí ohun tí ojú wọn rí. Òjò ń pa wọ́n lójoojúmọ́, síbẹ̀ òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, nítorí pé omi tí wọ́n rù kò tó, kò sì sí òmíràn níwájú. Ó di dandan kí wọ́n rán àwọn kan padà sí Buea lọ pọnmi, kí àwọn yòókù jókòó nínú òtútù máa retí wọn. Aṣọ wọn fẹ́lẹ́, orí ilẹ̀ tútù ni wọ́n ń sùn, ọtí líle díẹ̀ ni wọ́n sì ń fún wọn kí ara lè móoru. Bí wọ́n ṣe ń gòkè ni iye wọn ń dín kù. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ṣóńṣó, Kingsley nìkan ló kù lójú ọ̀nà. Ìkùukùu bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò rí nǹkan kan. Ó fi káàdì orúkọ rẹ̀ sáàrin òkúta, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Àwọn tó pọn omi kò ní káàdì.

Ní 1901 ni Jámánì sọ Buea di olú-ìlú Kamẹrúùnù, nítorí pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, ibà kò sì pọ̀ tó ti etíkun. Jesko von Puttkamer, gómìnà wọn, kọ́ ààfin kan síbẹ̀ tó ṣì dúró digbí. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba apá yìí, wọ́n sì so ó mọ́ Nàìjíríà. Títí di 1960, òkè yìí ló ga jù nínú gbogbo ilẹ̀ tí ìjọba ń ti Èkó bójú tó. Ní 1961, lẹ́yìn ìbò tí àwọn ará Gúúsù Kamẹrúùnù dì, Buea bọ́ sábẹ́ ìjọba Kamẹrúùnù.

Òkè náà kò dẹ́kun bíbú ní gbogbo àkókò yìí. Ní 1922, àpáta yíyọ́ ṣàn gba inú oko Bibundi já sínú òkun. Ó tún bú ní 1954, ní 1959 àti ní 1982. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ ní March 1999 ni àwọn àgbàlagbà Limbe máa ń sọ jù: àpáta gbígbóná náà rọra wọ́ la igbó já, ó gé ọ̀nà ọkọ̀ etíkun ní Bakingili, ó wá dúró nígbà tó ku nǹkan bí igba mítà kó dé òkun. Òkúta dúdú yẹn ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ewéko sì ti ń hù lára rẹ̀. Ọdún kejì ló tún bú, lókè níbi tó súnmọ́ ṣóńṣó.

Ohun tó sọ gígun òkè di nǹkan ìlú ni eré ìje tí ilé iṣẹ́ ọtí Guinness dá sílẹ̀ ní 1973. Àwọn sárésáré ń kúrò ní pápá ìṣeré Molyko ní Buea, wọ́n ń sá dé Fako, wọ́n sì ń sá padà. Àwọn ọkùnrin tó yára jù ń parí rẹ̀ láàrin nǹkan bí wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ sí márùn-ún, ìrìn tí àlejò ń fi ọjọ́ méjì rìn. Eré náà wá di ti ìjọba, Ìje Ìrètí sì lorúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Sarah Liengu Etonge, abiyamọ ọlọ́mọ méje, gba ipò kìíní láàrin àwọn obìnrin lẹ́ẹ̀meje, èyí tó jẹ́ kí wọ́n máa pè é ní Ọbabìnrin Òkè. Kí ìje tó bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà Bakweri a máa ṣe ètùtù fún Efasa Moto. Gbogbo omi tí àwọn sárésáré ń mu lọ́nà, ẹnì kan ti rù ú gòkè ṣáájú wọn.

Ọ̀nà eré ìje yìí ni àwọn tó ń gun òkè ní òpin ọ̀sẹ̀ sábà máa ń gbà, láàrin November sí March tí ilẹ̀ bá gbẹ. Àárọ̀ ọjọ́ kìíní ni ẹgbẹ́ kan á kúrò ní Buea. Wọ́n á gba inú oko, wọ́n á wọ igbó, wọ́n á dé Ahéré Kìíní lábẹ́ igi. Lẹ́yìn ìyẹn ni koríko, ọ̀nà á sì dà bí àkàbà tí kò lópin. Ahéré Kejì, tó ga tó mítà 2,800 àti díẹ̀, ni wọ́n ń sùn, lórí pákó. Eku ibẹ̀ lókìkí débi pé ẹni tó bá gbọ́n a máa so oúnjẹ rẹ̀ kọ́ òkè. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n á dìde, wọ́n á kọjá Ahéré Kẹta, wọ́n á dé Fako, wọ́n á sì sọ̀ kalẹ̀ délé ní ọjọ́ kan náà. Sísọ̀kalẹ̀ yìí gan-an ló ń dá orúnkún lóró. Ẹni tó bá fẹ́ fara balẹ̀ lè fi ọjọ́ mẹ́ta gba ọ̀nà Ojú Omi Mann, níbi tí igbó erin wà.

Ní 2009, ìjọba sọ òkè náà di igbó ọba, tí ìwọ̀n rẹ̀ lé ní hẹ́kítà 58,000. Wọ́n fi òfin de pípa erin, wọ́n sì ń ṣọ́ bí àwọn ènìyàn ṣe ń bó èèpo igi Prunus africana tí àwọn ilé iṣẹ́ òògùn òkè òkun ń rà. Àwọn kan tó jẹ́ ọdẹ tẹ́lẹ̀ di afinimọ̀nà. Owó ni àlejò ń san fún igbó ọba, fún afinimọ̀nà àti fún aláàárù, tí ń ru ẹní, ìkòkò, oúnjẹ àti kẹ́ẹ̀gì omi lórí tàbí lẹ́yìn. Bàtà àlejò a máa nípọn. Aláàárù ń bẹ tó jẹ́ sálúbàtà oníke ló wọ̀, òun ni yóò sì kọ́kọ́ dé ahéré.

Láti 2016 tí rògbòdìyàn ti bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ẹkùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ní Kamẹrúùnù, àlejò ti dín kù púpọ̀, iṣẹ́ afinimọ̀nà àti aláàárù sì dín kù bákan náà. Ní February 2023, bọ́ǹbù dún nígbà tí ìje ń lọ lọ́wọ́, ó sì ṣe àwọn sárésáré kan léṣe. Wọ́n tún sá ìje náà ní February 2024, pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun lójú ọ̀nà.