Igún Tí Kì í Kú Léwe

Bí àgbà bá ń ṣúre fún ọmọ ní Odògbólú, kò ní pẹ́ tó fi máa dárúkọ igún. Á ní ọmọ náà á gbó, á tọ́, torí gúnnugún kì í kú léwe. Gbogbo wa á ṣe àmín. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ yẹn bóyá ó ti rí igún rí. Orúkọ ẹyẹ ló mọ̀, kò mọ ojú ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí láyé àwọn bàbá wa. Igún wà lórí ààtàn, ó wà lórí òrùlé páànù, ó sì máa ń dúró de àwọn alápatà níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Kò sẹ́ni tó ń lé e. Wọ́n ní a kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọrí. Wọ́n gbà pé bí igún kò bá dé ibi ẹbọ, ẹbọ náà ò tíì dà. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ èèwọ̀ yìí, síbẹ̀ ó dáàbò bo ẹyẹ náà fún ìgbà pípẹ́.

Igún tó ń bá ènìyàn gbé láàrin ìlú yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní Necrosyrtes monachus. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò méjì lọ, ṣùgbọ́n tó bá na ìyẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì, ó ju mítà kan àtààbọ̀ lọ. Orí rẹ̀ pá, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n wẹ̀ẹ̀ tí ara rẹ̀ bá gbóná. Orí pípá yẹn ní iṣẹ́ tó ń ṣe: ẹyẹ tó ń ti orí bọ inú òkú ẹran kò nílò ìyẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́. Oje inú ikùn rẹ̀ le débi pé ó ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn tó wà nínú ẹran jíjẹrà. Agbálẹ̀ tí kì í gba owó oṣù ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé ẹyin kan ṣoṣo ló ń yé lẹ́ẹ̀kan. Ó ń sàba lé e fún nǹkan bí àádọ́ta ọjọ́, ọmọ rẹ̀ á sì tún lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìtẹ́. Èyí tí a bá pa lónìí, ọdún bíi mélòó ni kí òmíràn tó rọ́pò ẹ̀?

Báwo wá ni èèwọ̀ ṣe bàjẹ́? Ohun tí a bẹ̀rù náà la tún gbà pé agbára wà lára ẹ̀. Orí igún di ohun tí àwọn kan ń wá lọ sí ìsọ̀ lẹ́kulẹ́ja, fún àwúre àti ìṣọ́ra. Nígbà tí owó wọ̀ ọ́, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fi májèlé sínú òkú ẹran. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé nínú ikú igún tí wọ́n ṣàkọsílẹ̀ ní Áfíríkà, májèlé ló fa ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún, òwò oògùn ìbílẹ̀ sì fa ìdá 29. Ní 2015 ni àjọ IUCN ti ka igún tiwa yìí mọ́ àwọn ẹ̀dá tó fẹ́ẹ̀ parẹ́ pátápátá. Ní 2020, ó lé ní 2,000 igún tó kú ní Guinea-Bissau nítorí májèlé. Púpọ̀ nínú òkú wọn ni a kò bá orí lára wọn.

Àtúnṣe ṣì ṣeé ṣe. Ní Amẹ́ríkà, ẹyẹ ńlá kan wà tó ń jẹ òkú ẹran bíi ti igún, condor ti California. Ní 1982, méjìlélógún péré ló kù láyé. Wọ́n kó gbogbo èyí tó kù nínú igbó wọlé ní 1987, wọ́n tọ́jú wọn títí wọ́n fi bí sí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú wọn sílẹ̀ ní 1992. Lónìí, wọ́n ti lé ní 500.

Tiwa ò tíì dé ibi kí a máa kó igún sínú àgò. Nigerian Conservation Foundation ti ń bá àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n fi ewé àti egbò rọ́pò ẹ̀yà ara igún. Àwa tó ni èèwọ̀ náà ló yẹ ká kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnu tí a fi ń sọ pé kí ọmọ wa gbó bí igún, kò yẹ kó jẹ́ òun la ó fi máa ná orí igún lọ́jà.