Asante Kotoko: Ife ọdún 1967 tó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ láì gbá bọ́ọ̀lù

Láti Krofrom títí dé Bantama nílùú Kumasi, bí sáà bọ́ọ̀lù tuntun bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ìbéèrè kan kì í wọ́n: ṣé Kotoko tún lè gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà? Òòrẹ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ náà, ọdún 1935 ni wọ́n sì dá a sílẹ̀.

Ní 1967, ife náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Nínú àṣekágbá, wọ́n ta ọ̀mì 1-1 pẹ̀lú TP Englebert ti Congo ní Kumasi, wọ́n tún ta 2-2 ní Kinshasa. Àjọ CAF ní kí wọ́n lọ tún un gbá ní Cameroon. Àjọ bọ́ọ̀lù Ghana gbọ́, ṣùgbọ́n wọn kò sọ fún Kotoko! Englebert nìkan ló yọjú, wọ́n sì gbé ife fún wọn. (TP Mazembe ni ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ lónìí.)

Kí wọ́n na èèyàn lórí pápá sàn ju èyí lọ.

Ìdíje ọdún 1970 tún so wọ́n pọ̀. Ọ̀mì 1-1 náà ni ní Kumasi. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1971, Kotoko na Englebert 2-1 mọ́lé ní Kinshasa. Ibrahim Sunday, ọ̀kan lára wọn, ló di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà. Nàìjíríà ní tirẹ̀ dúró di 2003 kí Enyimba tó gbé ife yìí wálé.

Ní 1983, Kotoko na Al Ahly 1-0 ní Kumasi, wọ́n sì gba ife ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní 1993, wọ́n tún dé àṣekágbá. Pẹnáritì ni Zamalek fi borí wọn.