Oníbodè Orí Kọ̀ǹpútà: Ìtàn Ètò ClamAV

Ní ayé àwọn baba ńlá wa, ìlú tí ó bá mọ odi, dandan ni kí ó ní oníbodè. Oníbodè kì í lọ sí ogun. Ẹnu ọ̀nà ni ó ń ṣọ́, ẹrù àwọn àlejò ni ó sì ń tú wò. Irú iṣẹ́ yìí ni ClamAV, ètò kọ̀ǹpútà tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí dá lé, ń ṣe.

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé fáírọ́ọ̀sì kì í ran Unix àti àwọn ìbátan rẹ̀. Ìtàn kò gbè sí èrò yìí lẹ́yìn. Orí Unix ni Fred Cohen ti dán fáírọ́ọ̀sì wò ní ọdún 1983. Ní ọdún 1988, Robert Tappan Morris, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Cornell, tú kòkòrò kan sílẹ̀ tí ó dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún kọ̀ǹpútà Unix dúró. Linux pàápàá, tí Linus Torvalds gbé jáde ní 1991, rí Staog ní 1996 àti Bliss ní 1997.

Síbẹ̀, àrùn tirẹ̀ kò pọ̀ tó ti Windows. Kí wá ni sáfà Linux ń fi oníbodè ṣe? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ímeèlì. Nígbà tí ILOVEYOU jáde láti ilẹ̀ Philippines ní 2000, kọ̀ǹpútà Windows ni ó ń bà jẹ́. Ṣùgbọ́n sáfà tí ara tirẹ̀ le koko ni ó ń bá a ru àrùn náà kiri. Ní 2002, Tomasz Kojm, ọmọ ilẹ̀ Poland, gbé ClamAV jáde lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì ṣí àṣírí bí a ṣe kọ ọ́ payá. Ọ̀rọ̀ títẹ̀ ni a fi ń pàṣẹ fún un: clamscan ń yẹ àpò fáìlì wò, clamd kì í sùn, freshclam sì ń lọ gba àmì ìdánimọ̀ àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun wá. Ilé iṣẹ́ Sourcefire gbà á ní 2007. Cisco ra Sourcefire ní 2013.

Ọ̀ràn tí ó yẹ fún àròjinlẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, ọdún 2010. Àwọn olùtọ́jú ètò náà fi àmì àkànṣe kan sí àárín àwọn tí freshclam ń gbà, àmì náà sì dá clamd dúró lórí gbogbo ẹ̀dà tí ó ṣáájú 0.95. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà ṣáájú. Àlàyé wọn ni pé àwọn ẹ̀dà àtijọ́ ní àbùkù tí kò jẹ́ kí wọ́n lè gba àmì gígùn bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n alábòójútó tí kò gbọ́ ìkéde náà jí lówùúrọ̀, ó rí i pé ímeèlì kò wọlé mọ́.

Àwọn àgbà ní, bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ní èrò tèmi, olùfúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ọrẹ rẹ̀ dúró. Kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ti ilẹ̀kùn ilé onílé. Ṣíṣí tí a ṣí ètò náà payá jẹ́ kí a mọ bí oníbodè ṣe ń ṣiṣẹ́. Àṣẹ tí ó ń gbà lójoojúmọ́ láti ọ̀nà jíjìn jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ó sì tọ́ kí ẹni tí ó bá gbà á sílé máa yẹ̀ ẹ́ wò.