Kí ló ń sọ ogunlọ́gọ̀ ènìyàn di omi? Ohun tí ìmọ̀ físíìsì fi hàn, láti Cow Lane dé pápá ìṣeré Accra

Cow Lane jẹ́ òpópónà kan láàárín gbùngbùn ọjà ìlú Accra, kò jìnnà sí Makola àti Okaishie. Ẹni tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ lè rìn bó ṣe wù ú. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti gòkè, tí àwọn oníbàárà, àwọn ọlọ́jà àti àwọn alábàárù tí àwọn ará Accra ń pè ní kayayei bá ti ya dé, kálukú yóò máa rìn bí èrò bá ṣe gbé e. Síbẹ̀, láìsí ẹni tó pàṣẹ, àwọn tó ń lọ yóò tò tẹ̀lé ara wọn ní ẹ̀gbẹ́ kan, àwọn tó ń bọ̀ yóò tò ní ẹ̀gbẹ́ kejì.

Ní ọdún 1995, onímọ̀ físíìsì méjì ní Jámánì, Dirk Helbing àti Péter Molnár, gbìyànjú láti mọ ìdí rẹ̀. Wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe àfarawé àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn, wọ́n sì ka ẹnì kọ̀ọ̀kan sí ohun tí agbára oríṣiríṣi ń tì: ọ̀kan ń fà á lọ síbi tó ń lọ, òmíràn ń tì í kúrò lára ẹlòmíràn àti lára ògiri. Wọn kò kọ ọ́ sínú kọ̀ǹpútà náà pé kí ẹnikẹ́ni tò. Àwọn ènìyàn inú rẹ̀ tò fúnra wọn, gẹ́gẹ́ bí ti ọjà.

Èrò náà kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 1835, Adolphe Quetelet, ọmọ ilẹ̀ Belgium, ti ń pe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní físíìsì àwùjọ. Inú bí Auguste Comte ti ilẹ̀ Faransé, tó ti ń lo orúkọ yìí tẹ́lẹ̀, ó sì lọ wá orúkọ mìíràn fún tirẹ̀: sosiọ́lọ́jì. Ní ọdún 1971, L. F. Henderson ṣe ìwọ̀n bí àwọn ènìyàn ṣe ń yára rìn tó ní ìlú Sydney. Ó rí i pé òfin tí a fi ń ṣírò eré àwọn hóró inú afẹ́fẹ́ bá ìrìn wọn mu dáadáa.

Ìyẹn jẹ́ nígbà tí ààyè bá wà. Bí èrò bá ṣe ń pọ̀ sí i ni ó ń kúrò ní ìṣesí afẹ́fẹ́, tí ó ń di omi. John Fruin, onímọ̀ ẹ̀rọ ọmọ Amẹ́ríkà, ṣàlàyé pé bí ó bá ti tó ènìyàn méje nínú mítà kan níbùú lóòró, ẹnì kan kò ní ìkáwọ́ lórí ara rẹ̀ mọ́. Ìgbì yóò máa gba àárín èrò kọjá, ó sì lè gbé ènìyàn kúrò nínú bàtà rẹ̀.

Ní ẹnu ọ̀nà, omi náà tún lè di hóró. Ẹni tó bá ti da ẹ̀pà jáde láti inú ìgò mọ̀ ọ́n: bí a bá fi ìkánjú dojú ìgò délẹ̀, hóró mélòó kan a há mọ́ ọrùn rẹ̀, ohunkóhun kò ní jáde. Helbing, Illés Farkas àti Tamás Vicsek fi hàn ní ọdún 2000 pé bẹ́ẹ̀ náà ló lè rí fún èrò tó ń sá jáde. Bí kálukú bá ṣe ń yára tó ni ọ̀nà ń dí tó.

Ọjọ́ 9, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001

Ní ọjọ́ náà, Hearts of Oak ti Accra pàdé Asante Kotoko ti Kumasi ní pápá ìṣeré Accra. Hearts ń borí pẹ̀lú àmì ayò 2-1 bí ìdíje ṣe ń parí lọ, inú bí àwọn kan lára alátìlẹ́yìn Kotoko, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí ju nǹkan sínú pápá. Àwọn ọlọ́pàá yin tajútajú sí àárín àwọn òǹwòran. Àwọn ènìyàn sáré lọ sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n sì bá àwọn géètì kan ní títì pa. Ènìyàn 127 ló kú. Kò tíì sí àjálù pápá bọ́ọ̀lù mìíràn ní Áfíríkà tó pa tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ni kò kú nítorí pé ẹsẹ̀ tẹ̀ wọ́n. Èémí ni wọn kò rí mí. Bí ara bá fún mọ́ ara láti iwájú àti ẹ̀yìn, igbá àyà kì í lè ṣí, ènìyàn sì lè kú lórí ìdúró. Ìgbìmọ̀ olùwádìí dá àwọn ọlọ́pàá lẹ́bi pé wọ́n ṣe àṣejù. Wọ́n gbé ọlọ́pàá mẹ́fà lọ sílé ẹjọ́, àwọn agbẹjọ́rò wọn sì jiyàn pé ìfúnmọ́ra èrò ló dí àwọn olóògbé léèémí, kì í ṣe tajútajú. Ilé ẹjọ́ dá wọn sílẹ̀. Físíìsì kì í dá ẹjọ́, ṣùgbọ́n kò gbà pé a lè ya ohun méjèèjì sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀: èrò kì í dédé fún mọ́ géètì láìsí ohun tó lé e àti ohun tó dí i lọ́nà.

Àmì máa ń ṣáájú

Ní oṣù Kìíní ọdún 2006, ó lé ní 340 arìnrìn-àjò Hajj tó kú ní afárá Jamarat ní Mina. Nígbà tí Helbing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo fídíò ọjọ́ náà, wọ́n rí i pé ìrìn tó ń lọ geere ti yí padà di ìrìn-díẹ̀-dúró-díẹ̀ ní nǹkan bí ìdajì wákàtí kí àjálù tó dé. Ní ọdún 2025, Denis Bartolo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí mìíràn jáde láti Pamplona ní Spain. Bí èrò bá ti kọjá bí ènìyàn mẹ́rin nínú mítà kan níbùú lóòró, ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí bìrìpé láìsí ẹni tó tì í. Ní Pamplona, nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 18 ni ó fi ń yí po lẹ́ẹ̀kan. Kámẹ́rà tó wà lókè lè rí irú àmì báyìí. Ẹni tó wà lẹ́yìn kò lè rí i, ìdí sì nìyẹn tó fi ń tì síwájú.

Ọmọ 35 ló kú níbi ayẹyẹ ọmọdé kan ní Islamic High School, Bàṣọ̀run, Ìbàdàn, ní ọjọ́ 18, oṣù Kejìlá, ọdún 2024. Ebi lè ṣàlàyé ìdí tí èrò fi pọ̀ níbẹ̀. Kò lè ṣàlàyé iye tí ilẹ̀ náà lè gbà, tàbí bí ẹnu ọ̀nà ṣe fẹ̀ tó.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹ̀pà. John Drury, onímọ̀ ìṣesí ẹ̀dá ní Yunifásítì Sussex, ti fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tó la irú àjálù báyìí já lẹ́nu wò. Ó rí i léraléra pé wọ́n máa ń ran ara wọn lọ́wọ́, àní ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Ère idẹ kan wà níwájú pápá ìṣeré Accra báyìí fún ìrántí àwọn 127 náà: alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù kan ló gbé alátìlẹ́yìn mìíràn lọ́wọ́, ó ń gbé e jáde.