Ata Àlejò, Ẹran Onílé: Ìtàn Ọbẹ̀ Ọyẹ́ ní Rẹ́mọ

Bí ọyẹ́ bá mú ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ tó ta lẹ́nu dáadáa ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń lé òtútù. Wọ́n á yan ẹran náà lórí iná títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó fi ata, àlùbọ́sà àti epo pupa sè é.

Ata inú ọbẹ̀ yìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ Yorùbá. Amẹ́ríkà ni ó ti ṣẹ̀ wá. Lẹ́yìn ìrìn àjò Columbus ní ọdún 1492 ni àwọn Potogí gbé e dé etíkun Áfíríkà. Ṣáájú ìgbà náà, ìyèré àti ataare ni ó ń ta nínú ọbẹ̀.

Ẹran ni onílé. Ọ̀yà, etu àti òkété ti wà nínú igbó kí àwọn ìlú Rẹ́mọ tó para pọ̀ tẹ Ṣàgámù dó ní 1872. Ṣùgbọ́n oko obì àti kòkó gba igbó. Ilé, iléeṣẹ́ àti òpópónà Èkó sí Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí ní 1978, gba nínú ìyókù. Àlejò ti di onílé, onílé sì ń wá ibi sá sí.

Ní orílẹ̀-èdè Benin, wọ́n ti ń sin ọ̀yà nínú ọgbà láti àwọn ọdún 1980. Bí Rẹ́mọ kò bá fẹ́ kí ọbẹ̀ ọyẹ́ di ìtàn, ọgbà bẹ́ẹ̀ yẹ ní Ìkẹ́nnẹ́ àti Ṣàgámù.