Àwòrán ìgbáralé sọ́fítíwíà

Àwòrán ìgbáralé sọ́fítíwíà ni àwòrán tí ó ń fi hàn bí àwọn apá ètò kọ̀ǹpútà kan ṣe gbára lé ara wọn. Nínú rẹ̀, àmì róbótó tàbí àpótí kékeré dúró fún apá kọ̀ọ̀kan, ọfà a sì máa ti ọ̀dọ̀ apá tí ó gbára lé òmíràn lọ sí ọ̀dọ̀ èyí tí ó gbára lé. Bí apá A bá nílò B, tí B sì nílò D, A gbára lé D bí orúkọ D kò tilẹ̀ sí níbì kankan nínú kóòdù A. Irú ìgbáralé tí kì í ṣe tààrà yìí ṣòro láti rí nípa kíka kóòdù nìkan, òun sì ni ìdí pàtàkì tí a fi ń ya àwòrán náà.

Bí a ṣe ń yà á

Irinṣẹ́ kan ni ó máa ń ka kóòdù, tí yóò ṣa gbogbo ibi tí fáìlì kan ti pe òmíràn jọ. Nínú Graphviz, tí ó ti ilé-iṣẹ́ AT&T ní Amẹ́ríkà jáde, ìlà bíi "A -> B" tó láti júwe ọfà kan. Ètò náà fúnra rẹ̀ ni yóò yan ààyè fún àmì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn ọfà má baà dábùú ara wọn jù.

Tábìlì ìgbáralé

Bí apá bá ti tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún, àwọn ọfà a máa lọ́ mọ́ra bí òwú tí ó ta kókó. Nítorí èyí ni a fi ń lo tábìlì tí Donald Steward ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ kan ní ọdún 1981. A ó to orúkọ àwọn apá sí ìbú àti òòró bákan náà, a ó sì fi àmì sí ibi tí ìlà apá kan ti pàdé ìlà èyí tí ó gbára lé. Bí a bá lè tò wọ́n tí gbogbo àmì fi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ìlà tí ó ti igun òkè lọ sí igun ìsàlẹ̀ ní òdìkejì, ètò náà kò ní ìyípo. Bí kò bá ṣeé ṣe, àwọn apá kan wà tí wọ́n gbára lé ara wọn yípo, ó sì ṣòro láti tún ọ̀kan ṣe láì kan ìyókù.

Ní ọdún 2006, Alan MacCormack, John Rusnak àti Carliss Baldwin fi irú tábìlì yìí fi Linux wé Mozilla. Wọ́n rí i pé kóòdù Mozilla àkọ́kọ́ lọ́ mọ́ra ju ti Linux lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a tún un tò, ó wá já gaara ju ti Linux lọ.

Ìṣẹ̀lẹ̀ left-pad

Left-pad jẹ́ kóòdù kékeré tí ó ní ìlà 11, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó fi àmì kún apá òsì ọ̀rọ̀ títí yóò fi gùn tó bí a ṣe fẹ́. Inú npm, àká orí íntánẹ́ẹ̀tì fún kóòdù JavaScript, ni ó wà. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 2016, ẹni tí ó kọ ọ́ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ nítorí àríyànjiyàn lórí orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ mìíràn. Lójú ẹsẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ iṣẹ́ kárí ayé, pẹ̀lú àwọn tí ó ń lo Babel, kò ṣeé kọ́ pọ̀ mọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà kàn kò fi ọwọ́ ara wọn pe left-pad rí. Àwọn kóòdù mìíràn ni ó gbé e wọlé fún wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀, npm dá a padà, ó sì yí òfin rẹ̀ lórí yíyọ kóòdù kúrò padà lẹ́yìn náà.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2021, nígbà tí a rí àléébù ààbò ńlá nínú Log4j, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ní láti kọ́kọ́ wá bóyá ó wà nínú ètò wọn rárá.

Ààlà rẹ̀

Ohun tí kóòdù kọ sílẹ̀ nìkan ni àwòrán yìí mọ̀. Bí ètò méjì bá ń lo ibi ìpamọ́ dátà kan náà láì pe ara wọn, ọfà kankan kò ní so wọ́n pọ̀. Bákan náà, bí apá kan ṣe tóbi tó kò sọ bí ó ti ṣe pàtàkì tó: iye ọfà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tààrà àti ní ẹ̀bùrú, ni ó ń fi bí ìpalára yóò ti pọ̀ tó hàn bí ó bá bàjẹ́.