Ìtàn Ìbora Ẹ̀rọ Rebreather

Rebreather ni ẹ̀rọ tí òmùwẹ̀ fi ń mí lábẹ́ omi láìjẹ́ kí èémí rẹ̀ ṣòfò. Èémí tó mí síta á gba inú kẹ́míkà tó ń fa carbon dioxide mu, ọ́síjìn á kún un, á sì padà sí ẹnu rẹ̀. Ọ̀tá mẹ́ta ló dojú kọ ẹ̀rọ yìí: iyọ̀ òkun tó ń jẹ irin, òkúta tó ń ya àpò èémí, àti omi tó lè ráyè wọ inú kẹ́míkà, kó sì di oje tó ń jó ẹnu àti ọ̀fun. Nítorí wọn ni ìbora ṣe wà.

Rọ́bà ni ààbò àkọ́kọ́. Ní 1823, Charles Macintosh, ọmọ Scotland, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí aṣọ tí a tẹ́ rọ́bà sáàárín rẹ̀ kí omi má baà wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n rọ́bà ayé ìgbà náà a máa lẹ̀ nínú ooru, a sì máa gan nínú òtútù. Ní 1839, Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà po imí-ọjọ́ mọ́ ọn, ó yá a níná, rọ́bà náà kò sì lẹ̀ tàbí gan mọ́. Nígbà tí Henry Fleuss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe rebreather tirẹ̀ ní 1878, rọ́bà ló fi ṣe ìbòjú, bàbà ló sì fi ṣe àgbá ọ́síjìn. Ní 1880, òmùwẹ̀ Alexander Lambert gbé e wọ ihò ojú irin Severn tí omi ti kún, ó sì lọ ti ilẹ̀kùn irin tó wà nínú rẹ̀.

Robert Davis ti ilé iṣẹ́ Siebe Gorman sọ àpò èémí fúnra rẹ̀ di ìbora: agolo kẹ́míkà wà nínú àpò rọ́bà, àgbá ọ́síjìn sì wà nínú àpò kékeré nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbà á fún àwọn atukọ̀ abẹ́ omi ní 1929. Nígbà tí ọkọ̀ abẹ́ omi Poseidon rì nítòsí Weihai ní Ṣáínà ní 1931, àwọn kan fi í jáde láàyè.

Ní 1923 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi iná mànàmáná àti ásíìdì bu awọ líle sára alumíníọ̀mù, kí iyọ̀ má baà jẹ ọkọ̀ òfuurufú tó ń balẹ̀ sórí omi. Irú awọ yìí wà lára ọ̀pọ̀ ẹ̀yà rebreather lónìí. Ní 1931, ilé iṣẹ́ DuPont gbé neoprene jáde, rọ́bà àtọwọ́dá tí epo àti oòrùn kì í tètè bà jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni àpótí líle dé. Fáíbà gíláàsì ni wọ́n fi ṣe ti rebreather MK 16 tí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ń lò, ẹ̀rọ tí kì í fa mágínẹ́ẹ̀tì púpọ̀, torí àwọn tó ń tú bọ́ǹbù ló ń gbé e. Ní 1997, rebreather Inspiration jáde ní Cornwall, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún aráàlú, nínú àpótí aláwọ̀ òféèfèé. Omi ń wọ inú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí nǹkan má gbá ẹ̀rọ inú rẹ̀. Aṣọ náílọ́ọ̀nù tó nípọn ló ń bo àpò èémí.

Ìbora náà ní èèwọ̀ tirẹ̀. Epo àti gíríìsì lásán kò gbọdọ̀ kan ibi tí ọ́síjìn ń gbà, torí ó lè gbiná. Ẹ kò sì gbọdọ̀ fi iná líle yan ọ̀dà mọ́ àgbá alumíníọ̀mù, torí ooru ń sọ ọ́ di ahẹrẹpẹ. Kò sí ìbora tó lè rọ́pò omi tútù tí kò níyọ̀: ẹ fi ṣan ẹ̀rọ yín gbàrà tí ẹ bá ti gòkè.